Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Àjọ̀dún Fíìmù Hip Hop àti Ìjà Ẹ̀tọ́ Ládùúgbò Yín, Lọ́fẹ̀ẹ́

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí láti ìgbà tí a ti ṣe tiwa ní Ìbàdàn: "Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe lè fi fíìmù hip hop han àdúgbò wa lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọlọ́pàá má sì kó wa?" Èsì mi rèé, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Pùrójẹ́tọ̀ kan, aṣọ funfun kan, àti èèyàn márùn-ún tí kì í fẹsẹ̀ fẹ́ẹ nígbà tí iṣẹ́ bá dé, ó tó fi bẹ̀rẹ̀. Ibi méjì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọn kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni fíìmù, wọn kì í sì í fún ará àdúgbò ní máìkì lẹ́yìn tí fíìmù bá parí. Ibi méjèèjì yìí ni mo máa pẹ́ sí jù.

## Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun: kí ni ẹ pè ní ọ̀fẹ́?

Ọ̀fẹ́ ni pé kò sówó ẹnu ọ̀nà, kò sí àpótí "ẹ fi nǹkan ta wá lọ́rẹ", kò sí pé ẹni tó bá ra mínírà nìkan ló máa ríbi jókòó. Ìyá tó ń dín àkàrà níkòríta àti ọmọ iṣẹ́ fọkanáísà gbọ́dọ̀ lè rìn wọlé láìwo àpò. Gbogbo ìpinnu tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ bi ara yín: ẹni tí kò lówó ọkọ̀ lọ́wọ́, ṣé ó lè wá? Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù máa yé e? Ṣé ó lè padà délé láìséwu? Bí èsì bá jẹ́ rárá, ẹ tún un rò.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ọjọ́

Ìmọ̀ràn tèmi ni òpin ọ̀sẹ̀ tó bá sún mọ́ ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ. Ọjọ́ yẹn ní 1973 ni DJ Kool Herc àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Cindy Campbell, ṣe àríyá kan nílé 1520 Sedgwick Avenue ní Bronx, New York, òun sì ni àwọn ọmọ hip hop fi ń ka ọjọ́ orí orin wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọmọléèwé ti gba ìsinmi nígbà yẹn, òjò sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá láàárín oṣù kẹjọ.

Bí ọjọ́ yẹn kò bá rọgbọ:

- 12 oṣù kẹfà, Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa. Ó bá ọ̀rọ̀ mu gan-an, ṣùgbọ́n àkókò tí òjò ń rọ̀ jù nìyẹn. Inú gbọ̀ngàn nìkan ni kí ẹ ti ṣe é.
- 20 oṣù kẹwàá, ìrántí ìbọn Lẹ́kí ní 2020. Ọlọ́pàá máa ń pọ̀ lójú títì lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣe é nínú ilé, lọ́sàn-án, kí agbẹjọ́rò kan sì ti mọ̀ ṣáájú.
- Oṣù kejìlá sí oṣù kìíní. Kò sí òjò, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú pùrójẹ́tọ̀. Ẹ mú aṣọ rírọ̀ tí ẹ máa fi nù ún lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ṣe é níta: lóṣù kẹjọ, nǹkan bí aago méje alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀. Kí ó tó di aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, àwòrán yín kò ní hàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí àwọn obìnrin àti ọmọdé dúró dópin, ẹ gbọ́dọ̀ parí ní aago mẹ́wàá. Àyè fíìmù kékeré kan, fíìmù ńlá kan tí kò ju wákàtí kan àti ìdajì lọ, àti ọ̀rọ̀ sísọ nìyẹn. Ẹ má fi kún un. Ẹni tó bá fẹ́ fi fíìmù mẹ́ta hàn, kí ó lo ọjọ́ méjì.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan fíìmù

Kì í ṣe gbogbo fíìmù tí wọ́n ti ń ráàpù ló wà fún èyí. Ẹ wá èyí tí olórin ti kojú agbára, tí a sì rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò rèé:

- Senegal. Ní oṣù kìíní 2011, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ráàpù Keur Gui àti akọ̀ròyìn Fadel Barro wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Y'en a Marre sílẹ̀ ní Dakar. Wọ́n ń ti àwọn ọ̀dọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ní 2012, Ààrẹ Abdoulaye Wade fìdí rẹmi nínú ìbò.
- Burkina Faso. Smockey tó jẹ́ olórin ráàpù àti Sams'K Le Jah tó ń kọ reggae dá ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Le Balai Citoyen sílẹ̀ ní 2013. Ìgbálẹ̀ ni àmì wọn. Ní oṣù kẹwàá 2014, aráàlú lé Ààrẹ Blaise Compaoré kúrò lórí oyè lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.
- Angola. Luaty Beirão, olórin ráàpù, wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó ní 2015 nígbà tí wọ́n péjọ ka ìwé. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì ló fi kọ oúnjẹ lẹ́wọ̀n.
- Uganda. Bobi Wine ti ìdí orin dé ilé aṣòfin ní 2017.

Àwọn ará wa máa ń rò pé Amẹ́ríkà nìkan ló ni irú ìtàn yìí. Nígbà tí wọ́n bá rí Dakar àti Ouagadougou ti Burkina Faso, àwọn ìlú tí òpópónà wọn jọ tiwa, wọ́n máa ń sún mọ́ iwájú.

Fún fíìmù kékeré, ẹ má lọ jìnnà. Ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ẹ ní kí wọ́n fi fóònù ya fíìmù ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ohun kan tó ń dùn wọ́n: gọ́tà tó dí, iná tí kì í wá, ilé ìwòsàn tí kò lóògùn. Kí ráàpù ọmọ àdúgbò wà nínú rẹ̀. Èyí ló ń mú ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ jáde wá wòran. Bí ẹ bá ní fíìmù ilẹ̀ òkèèrè nìkan, ẹ máa rí àga tó ṣófo.

Ẹ wo fíìmù náà tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí ẹ tó yàn án, ọ̀dọ́ kan àti ìyá kan pa pọ̀. Mo ti rí i tí ẹ̀jẹ̀ àti ìhòòhò yọ lójú aṣọ níbi tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jókòó sí, torí ìpolówó fíìmù náà nìkan ni àwọn alákòóso wò.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni fíìmù

Gbólóhùn tí mo ń gbọ́ jù nìyí: "Ọ̀fẹ́ la ń ṣe, kò sí ọ̀rọ̀ òfin níbẹ̀." Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin Copyright ti Nàìjíríà ti 2022, ẹni tó ni fíìmù ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ibi tí wọ́n ti lè fi í han gbogbo ènìyàn. Bí ẹ ò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀, àṣẹ rẹ̀ ni ẹ nílò. Yàtọ̀ sí òfin, àwọn tó ń ya fíìmù ìjà ẹ̀tọ́ kì í sábà lówó. A kò lè máa pariwo ẹ̀tọ́ ká sì máa jí iṣẹ́ wọn.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é:

1. Ẹ wo ìparí fíìmù àti ìkànnì rẹ̀, ẹ wá orúkọ olùdarí tàbí ilé iṣẹ́ tó ń pín in. Ọ̀pọ̀ ìkànnì fíìmù ló ní ibi tí wọ́n ti ń tọrọ àyè fún ìfihàn ládùúgbò.
2. Ẹ kọ ímeèlì kúkúrú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú. Kí nǹkan mẹ́fà wà nínú rẹ̀: ẹni tí ẹ jẹ́, ọjọ́, ibi, iye èèyàn tí ẹ ń retí, pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.
3. Ẹ béèrè iye owó. Ẹ sọ òótọ́ nípa agbára yín. Àwọn kan máa ń yọ̀ǹda lófo, àwọn kan máa ń dín owó kù, àwọn kan kò ní gbà. Ẹni tó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, ẹ wá òmíràn.
4. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ àwòrán. Àyè ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sí nínú tàkọ́kọ́.
5. Ẹ tẹ èsì wọn jáde sórí ìwé, kí ó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà.
6. Ẹ dúró de fáìlì láti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má wà á jáde níbòmíràn.

Ọ̀nà mìíràn tí owó kò bá sí:

- Netflix. Àkáǹtì tí ẹ ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù wà fún ilé nìkan. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà yọ̀ǹda àwọn fíìmù àkọsílẹ̀ (documentary) kan fún ìfihàn ẹ̀kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ wo ojú ewé fíìmù náà lórí ìkànnì wọn fún àwọn oníròyìn bóyá àyè náà wà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí owó ẹnu ọ̀nà, kò gbọdọ̀ sí ìkówójọ tàbí onígbọ̀wọ́ oníṣòwò, ẹ kò sì gbọdọ̀ lo àmì wọn lórí pósítà.
- Creative Commons, ìyẹn ìwé àṣẹ tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi ń yọ̀ǹda iṣẹ́ rẹ̀ fún aráyé. Fíìmù tí wọ́n fi àmì yìí sí, ẹ lè fi í hàn lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá dárúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà ND: ó túmọ̀ sí pé ẹ kò gbọdọ̀ yí i padà kí ẹ sì fi han èèyàn, ìtumọ̀ èdè sì wà lára yíyípadà.
- YouTube. Pé fíìmù wà níbẹ̀ kì í ṣe àyè láti gbé e síta gbangba. Ẹ kọ̀wé sí oníṣẹ́ náà, èsì wọn máa ń tètè dé.

Fún orin tí DJ yín máa lù ṣáájú fíìmù, ẹ bá àjọ MCSN sọ̀rọ̀. Àwọn ló ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin ní Nàìjíríà.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ìjọba, ọlọ́pàá àti àwọn àgbà àdúgbò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ lọ kí báálẹ̀ àti alága ẹgbẹ́ onílé kí wọ́n tó rí pósítà yín lára ògiri. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ṣàlàyé pé kì í ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú. Orúkọ "hip hop" máa ń dẹ́rù ba àwọn àgbà, wọ́n máa ń rò pé igbó mímu ni. Nígbà tí a ṣàlàyé fún bàbá kan pé ráàpù kò jìnnà sí bí akéwì ṣe ń fi ewì bá ọba wí, òun fúnra rẹ̀ ló yá wa ní àga ọgọ́ta.

Lẹ́yìn náà:

1. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB. Fíìmù tí a máa fi han gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìpele ọjọ́ orí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn tó sún mọ́ yín, kí ẹ kọ̀wé béèrè ohun tí fíìmù yín nílò. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, bí Èkó, ní àjọ tiwọn pẹ̀lú. Ẹ ṣe èyí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú.
2. Ọlọ́pàá. Ní 2007, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé aráàlú kò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kí wọ́n tó péjọ, abala 40 ìwé òfin 1999 sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ ìpéjọ. Síbẹ̀, ẹ kọ̀wé *fi tó* DPO *létí*, ẹ má kọ̀wé *bẹ̀bẹ̀*. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.
3. Ariwo àti pósítà. Ní Èkó, LASEPA ló ń rí sí ariwo, LASAA ló ń rí sí pátákó àti pósítà ìta. Ẹ má lẹ ohunkóhun mọ́ òpó iná.

Lọ́jọ́ náà, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá dé. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́mbà agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni mìíràn má dá sí i.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ohun èlò

Pùrójẹ́tọ̀. Fún ìta, ẹ wá èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó 3,000 ANSI lumens. Ọ̀rọ̀ "ANSI" yẹn, tó fi hàn pé wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ náà ní ìlànà, ṣe pàtàkì, torí àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú máa ń kọ "9,000 lumens" sí ara páálí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tàn án, òkùnkùn lẹ máa rí. Ẹ lè yá a lọ́wọ́ ìjọ, iléèwé tàbí àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó.

Ojú àwòrán. Aṣọ funfun tó nípọn, mítà mẹ́ta ní fífẹ̀, mítà 1.7 ní gíga. Ẹ fi aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀. Kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju mítà kan lọ láti ilẹ̀, kí orí ẹni iwájú má bo ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. Ẹ so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín mọ́ nǹkan, torí afẹ́fẹ́.

Ohùn. Bí ohùn kò bá mọ́, àwọn èèyàn máa lọ, bó ti wù kí àwòrán dára tó. Sípíkà méjì, ní ẹ̀gbẹ́ ojú àwòrán, kí wọ́n kọjú sí àwọn òǹwòran. Ẹ má lo sípíkà inú láptọ́ọ̀pù.

Iná. Ẹ má gbọ́kàn lé iná NEPA. Pùrójẹ́tọ̀, láptọ́ọ̀pù àti sípíkà kékeré méjì kì í sábà ju wọ́ọ̀tì 1,000 lọ, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA tó. Ẹ gbé e síta gbangba, ó kéré tán mítà ogún sí àwọn èèyàn, kí èéfín rẹ̀ má bàa pani. Ẹ pa á, kí ó tutù, kí ẹ tó rọ epo sí i. Ẹ fi UPS kékeré, ìyẹn bátìrì tó ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀, sáàárín, kí iná má bàa kú mọ́ pùrójẹ́tọ̀ lójijì. Ẹni tó bá ní ìnfátà sólà, ó dára jù, kò pariwo.

Fáìlì. Ẹ gba MP4. Ẹ fi ẹ̀dà kan sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ fi òmíràn sórí fláàṣì. Fláàṣì tí wọ́n ṣètò sí ìlànà FAT32 kò lè gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, ẹ yí i sí exFAT. Ẹ fi VLC, ètò tó ń gbé fídíò lórí kọ̀ǹpútà, wò ó, ẹ má fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé e.

Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, níbẹ̀ gan-an, nínú òkùnkùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tiwa, yàrá la ti dán an wò. Nígbà tí a dé pápá, wáyà HDMI kò gùn tó, ọgọ́rin èèyàn sì jókòó wò wá fún ogójì ìṣẹ́jú.

## Ìgbésẹ̀ 6: Èdè

Fíìmù Senegal máa wá pẹ̀lú Wolof àti Faransé, tí Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá alákàrà kò ní ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà:

- Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí fáìlì SRT, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, bí ẹ bá ti gba àyè. Ẹ fi í pamọ́ ní ìlànà àmì kíkọ UTF-8, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ, ọ àti ṣ máa di àmì ìbéèrè lójú àwòrán. Ìlà méjì péré lẹ́ẹ̀kan.
- Ẹ fi ẹnì kan sídìí máìkì tó máa túmọ̀ kókó ọ̀rọ̀. Kí ó ti wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú.
- Ẹ dá fíìmù dúró lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ṣàlàyé ibi tí a dé. Àwọn ọmọ fíìmù kórìíra èyí, ṣùgbọ́n èmi fara mọ́ ọn bí méjì àkọ́kọ́ kò bá ṣeé ṣe.

## Ìgbésẹ̀ 7: Máìkì lẹ́yìn fíìmù

Ìdí tí a fi pe èèyàn jọ nìyí. Bí fíìmù bá parí tí gbogbo wọn kàn tú ká, sinimá lẹ ṣe, kì í ṣe ìjà ẹ̀tọ́.

1. Ẹ má tan iná ńlá lójijì. Ẹ jẹ́ kí DJ lu orin kan, kí àwọn èèyàn nà.
2. Adarí ètò, ọ̀dọ́ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, béèrè ìbéèrè kan tó rọrùn: "Kí lẹ rí níbẹ̀ tó jọ tiwa?" Kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ gígùn.
3. Obìnrin ni kí ẹ kọ́kọ́ fún láyè. Ẹ ti bá a sọ ọ́ ṣáájú. Bí ọkùnrin mẹ́ta bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin ò ní nawọ́ mọ́.
4. Ìṣẹ́jú méjì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Máìkì kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ adarí, òun ló máa gbé e sí wọn lẹ́nu.
5. Ẹnì kan ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ sórí páálí ńlá tí gbogbo ojú rí.
6. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ẹ mú ohun *kan* nínú rẹ̀: ta ló máa lọ, ọ́fíìsì wo, ọjọ́ wo?
7. Ìgbà yìí ni kí àwọn olórin bọ́ síta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lórí ohun tó wà lórí páálí. Kò sí èébú ìyá, kò sí èébú ẹ̀yà, kò sí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ìkìlọ̀ ńlá: olóṣèlú máa wá. Ó máa ní òun fẹ́ "kí àwọn èèyàn òun" fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kó ra omi páálí ogún. Ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ fún un ní àga, ẹ má fún un ní máìkì. Bí ó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè ará àdúgbò, kí ó nawọ́ bí gbogbo èèyàn, kí ó gba ìṣẹ́jú méjì rẹ̀. Ẹ má gba owó rẹ̀, ẹ má gba fìlà rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé báńà rẹ̀ kọ́. Mo mọ̀ pé epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré tí àdúgbò bá rí àmì ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́.

Ẹ bi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé fóònù sí i. Àwọn kan fẹ́ sọ òótọ́ nípa ọ̀gá wọn tàbí ọlọ́pàá, wọn ò sì fẹ́ kí ojú wọn wà lórí státọ́ọ̀sì WhatsApp ẹnikẹ́ni. Ẹ má ya ọmọdé láìgba àyè òbí.

## Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà

- Ìwé àyè fíìmù, ìwé NFVCB, ẹ̀dà ìwé DPO
- Fláàṣì méjì, láptọ́ọ̀pù méjì bó bá ṣeé ṣe
- Wáyà HDMI tó gùn àti ẹkisitẹ́ńṣọ̀n méjì, pẹ̀lú tépù tí ẹ máa fi lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀
- Epo nínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀
- Ohun ìpaná, àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́, tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin
- Ẹní fún àwọn ọmọdé níwájú, àga fún àwọn àgbà lẹ́yìn wọn, àyè fún kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara
- Ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí iná wà níbẹ̀
- Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn tó wà nítòsí, bí òjò bá dé
- Èèyàn méjì tó máa sin àwọn obìnrin dé ojú títì

## Ìgbésẹ̀ 8: Lọ́jọ́ kejì

Ẹ gbá pápá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ dá àga àti aṣọ padà kí wọ́n tó béèrè. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni fíìmù: iye èèyàn tó wá, ohun tí wọ́n sọ. Bí ẹ bá ti ṣe àdéhùn láti pa fáìlì rẹ́, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ ya páálí ńlá náà ní fọ́tò, ẹ fi í sójú ìwé WhatsApp àdúgbò, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó gbà láti lọ rí káńsẹ́lọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa lọ. Tiwa lọ́jọ́ náà ni gọ́tà ẹ̀yìn ọjà. Èèyàn mẹ́sàn-án ló lọ ní Ọjọ́ Ajé. Ìgbà kẹta tí wọ́n padà lọ ni wọ́n tó rí káńsẹ́lọ̀ bá sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ mú ọjọ́ mẹ́ta dání láti ìbẹ̀rẹ̀.